Ẹni Tó Ń Gbálẹ̀ ní Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Àpòmù,
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kejì, 1953.

Fẹ́yìsetán, aya mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́, mo sì kí ọmọ wa Susannah. Mo lérò pé ara yín le, pé ikọ́ tó ń ṣe ọmọ nígbà tí ẹ ń lọ ti fi í sílẹ̀, àti pé ẹ ń rí oorun sùn nílé bàbá rẹ ní Ìkirè. Ní tèmi, ara mi dá ṣáṣá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bá mi kí bàbá àti ìyá wa, kí o sọ fún wọn pé n kò gbàgbé ọ̀rọ̀ wọn. Ìrìn kẹ̀kẹ́ kékeré ni Àpòmù sí Ìkirè, ṣùgbọ́n bàbá ní n kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ àgbàlá àwọn títí n ó fi ní òtítọ́ ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi lẹ́tà ṣíwájú ara mi. Òtítọ́ náà ti dé, ó sì gùn díẹ̀. Jọ̀wọ́ fìdí kalẹ̀ kí o tó kà á.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ dá ọ lágara: ẹni tó ń gbálẹ̀ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ti lọ. Òní ló pé ọjọ́ kẹsàn-án tí a ti gbọ́ ìró rẹ̀ kẹ́yìn. A kò lé e. Fúnra rẹ̀ ló lọ, mo sì gbà pé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn ló fi lọ. Bí mo bá dúró síbí yìí, ìyẹn náà tó ìròyìn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́ dáadáa. O máa bi mí pé báwo, o sì máa bi mí pé kí ló dé tí n kò gbà ọ́ gbọ́. Ìbéèrè kejì yẹn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn.

Mo gbà ọ́ gbọ́, Fẹ́yì. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wa gbé mi wá síbí gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kòkó ní ìparí òjò ọdún tó kọjá, o rántí pé mo fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú yín dé. Bàbá Ràímì, tó ti fìgbà kan jẹ́ oníṣòwò kòkó ńlá ní Àpòmù kó tó kó lọ sí Orílẹ̀-Òwu, ló ní kí n wá máa gbé ilé òun tó ṣófo. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alápáànù, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ tinú tòde, fèrèsé aláwọ̀ ewé mẹ́jọ, tó kọjú sí títì. Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Owó tó ní kí n máa san kéré débi pé ó yẹ kí n bèèrè ìdí. N kò bèèrè, nítorí mo ti ń fojú inú rí ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, tí o dúró, tí o ń wo àwọn tó ń lọ ọjà. Bí mo bá sọ ilé tí mo ń gbé fún àwọn ará ìlú, wọn a ní, ẹ kú ewu o. Mo rò pé ewu ọ̀nà ni wọ́n ń kí mi.

Ní ọjọ́ kẹta, mo jẹun ọ̀sán tán, mo na ẹ̀yìn sórí ẹní nísàlẹ̀, ni mo bá gbọ́ ìró ọwọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì lókè orí mi. Á gbá díẹ̀, á dúró, á tún gbá, bí obìnrin tí ẹ̀yìn ń dùn. Mo gòkè lọ. Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Eruku tó bo ilẹ̀ yàrá ńlá láàárọ̀ ti di òkìtì kékeré kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ojú ọwọ̀ sì hàn gbangba lórí ilẹ̀. Fẹ́yì, n kò tíì ra ọwọ̀ kankan sílé nígbà náà. Mo fi ìwé ìròyìn kó ìdọ̀tí yẹn, mo dà á nù, mo sì pinnu pé n kò rí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ẹsẹ̀ tútù bẹ̀rẹ̀. Á wá láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, á gba orí àtẹ̀gùn gòkè, ẹsẹ̀ obìnrin tí kò tóbi, yanrìn odò díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, títí dé yàrá tó kọjú sí ìlà oòrùn. Ìdí ògiri yàrá yẹn ló máa ń parí sí. Nígbà tí ẹ dé tí o rí i, mo sọ fún ọ pé páànù ló ń jò. O bi mí pé òjò wo, nígbà tí ọyẹ́ ti ń la gbogbo wa ní ètè? Mo bínú, mo ní kí o lọ wá nǹkan ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ń parọ́, kó wo bó ṣe ń bínú sí ìbéèrè kékeré.

O tún sọ fún mi pé bí o bá ń gun àtẹ̀gùn tòun tẹrù lórí, ẹnìkan máa ń yà fún ọ, tí aṣọ rẹ̀ á fi kan apá rẹ. O sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Aṣọ yẹn ti kan èmi náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ, mo ní ẹ̀yin ará Ìkirè fẹ́ràn àlọ́ jù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Ọ̀ràn irun Susannah ló wá dé gbogbo rẹ̀ ládé. O fi ọmọ sílẹ̀ lókè lọ́sàn-án gangan, o sọ̀ kalẹ̀ lọ yọ ìkòkò lórí iná. Kí o tó padà, ìdajì orí rẹ̀ ti di ṣùkú, ó tín-ín-rín, ó gún régé, ooyà onígi kan tí kì í ṣe tiwa sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó ní màmá ní kí òun má mira. Mo gbọ́ igbe rẹ láti ìdí òṣùwọ̀n ní ilé ìkẹ́rù kòkó, mo sì sáré wálé. Níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ tó wá kí wa lọ́jọ́ yẹn, mo pè ọ́ ní ojo, mo ní ìwọ lo di irun ọmọ tí o gbàgbé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. O kò bá mi jà. O tú irun náà lórí ọmọ, o di ẹrù, o sì tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo fi dá wà. Kátíkísì wa wá gbàdúrà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ó sì lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo igun. Sìlífátù, ìyá àgbà tó ń ta gààrì ní òdìkejì títì, mú ààfáà kan wá, òun náà ṣe tirẹ̀. Gbogbo wọn pàṣẹ fún un pé kó jáde. Lẹ́yìn àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ilé á pa rọ́rọ́ fún ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta ọwọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni tí wọ́n bú tí kò lè fèsì. Nígbà tó yá, mo kó ẹní mi lọ sáàárín àpò kòkó ní ilé ìkẹ́rù, mo sọ fún wọn níbẹ̀ pé olè ni mò ń ṣọ́. Bí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi a máa fọwọ́ bo imú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé tí ìyá mi fi dé láti Ararọ̀mí-Òwu. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé ìyàwó mi kò sí nílé, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá se oúnjẹ fún ọmọ àwọn. O mọ̀ pé ojú wọn kò ríran mọ́ tayọ òjìji. N kò lè sọ ọ̀rọ̀ ilé náà fún wọn. Mo ní kí wọ́n máa gbé ìsàlẹ̀, kí wọ́n má gòkè, mo ní nítorí àtẹ̀gùn ni. Ìyá mi tí o mọ̀ ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Lọ́jọ́ kejì, mo wálé lọ́sàn-án, n kò bá wọn nísàlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn lókè. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń dákẹ́, wọ́n tún ń sọ̀rọ̀. Mo sáré gun àtẹ̀gùn lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí nínú yàrá tó kọjú sí ìlà oòrùn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, inú sì ń bí wọn. Wọ́n ní, “Obadiah, o fẹ́ ìyàwó kejì, o ò sọ fún mi. Ohun tó lé Fẹ́yìsetán jáde nìyẹn.”

Mo bi wọ́n pé ìyàwó wo. Wọ́n ní, “Èyí tó ń gbálẹ̀ yìí. Mo gòkè, mo gbọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, o kú iṣẹ́ o, ìyàwó. Ó dáwọ́ dúró. Mo tún kí i, ló bá bú sẹ́kún. Kí lẹ fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ tí a ò lè kí i kó má sunkún?”

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. N kò yọ ohun tí mo sọ sí ọ sílẹ̀. Ìyá mi gbé ẹ̀gúsí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé wọn yóò ní ká di ẹrù. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Oṣù mẹ́ta lẹ fi ń gbọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Nínú gbogbo yín, kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́?”

Ní ilẹ̀ yìí, a ń kí ẹni tó ń roko, a ń kí ẹni tó ń fọṣọ létí odò, a tilẹ̀ ń kí ẹni tó jókòó lásán. Ẹ̀rù bà wá, a sì gbàgbé ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀. Kátíkísì gbàgbé, ààfáà gbàgbé, èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀kọ́ ilé náà gbàgbé.

Ìyá mi ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, wọ́n ní kí n mú àwọn sọdá sọ́dọ̀ Sìlífátù. Lẹ́nu rẹ̀ la ti gbọ́ pé Àṣíáwù lorúkọ obìnrin náà, aya àárọ̀ Bàbá Ràímì. Nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí mówó wá tí wọ́n fẹ́ kọ́lé, òun ló ru yanrìn láti odò, òun ló pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì, ọ̀gbẹlẹ̀ méjì gbáko. Ó ta aṣọ òkè tó fi ṣe ìyàwó, kí wọ́n lè rí páànù rà. Yàrá tó kọjú sí ìlà oòrùn ni ọkọ ṣèlérí fún un. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣílé, ibà gbé e lọ. Wọ́n ti ra màlúù, nítorí náà wọ́n ṣílé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ bíríkìlà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ń ra kòkó. Ìyàwó tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ nínú aṣọ àrán, kò sẹ́ni tó fẹ́ ba ọjọ́ jẹ́ fún un. Wọn kò dárúkọ Àṣíáwù rárá.

Sìlífátù ní òun jẹ nínú ẹran màlúù náà, òun náà kò sì sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí ìyá mi sọ ti irun Susannah fún un, ó gbá àyà mú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Àṣíáwù bí, ọmọ náà kò sì pé ọdún mẹ́rin tó fi kú.

Ìyá mi ní kí n gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Orílẹ̀-Òwu láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bá Bàbá Ràímì níwájú ilé rẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ó ti gbó ju bí mo ṣe rí i kẹ́yìn lọ. Nígbà tí mo dárúkọ Àṣíáwù, ojú rẹ̀ le. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé òun kò kan àlejò, bí ilé bá sú mi kí n jáde. Mo tọrọ àforíjì, mo dìde. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé kẹ̀kẹ́ kó tó pè mí padà. Ó ní, “Ṣé ó ṣì ń gbálẹ̀?”

Fẹ́yì, ó mọ̀. Ó ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ohun tó lé ìyàwó tuntun lọ nìyẹn, ohun tó lé òun náà kúrò ní Àpòmù nìyẹn. Ó sá lọ sí Orílẹ̀-Òwu bí èmi náà ṣe sá lọ sáàárín kòkó. Mo wo arúgbó náà, mo rí ara mi bí n ó ṣe rí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún bí n kò bá tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, ìtìjú sì mú mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó wá. Ìyá mi ti tẹ́ ẹní sẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn dè é, ọwọ̀ sì ń lọ lókè bí i ti àtẹ̀yìnwá. Bàbá Ràímì kò jókòó lórí ẹní. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó ṣí fìlà, ó gbójú sókè. Ó ní:

“Àṣíáwù, Ràímì ni. O kú iṣẹ́. O kú yanrìn rírù. O kú omi pípọn. Aṣọ rẹ ló ra páànù tó wà lórí ilé yìí, mo mọ̀, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. O kú ilé kíkọ́, ìyàwó mi. Mi ò kí ọ nígbà tí o wà láyé. Mo wá kí ọ.”

Ọwọ̀ náà dákẹ́. A gbọ́ tí ẹnìkan fi í ti ògiri, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀, kò kánjú rárá. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, n kò rí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, atẹ́gùn tútù tó ń rùn bí etí odò gba àárín wa kọjá, Bàbá Ràímì sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra láti yà fún un. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbà jáde, kì í ṣe ti ẹ̀yìn tí àwọn tó ń pọnmi ń gbà. Ìyá mi ní, “Ó dàbọ̀ o, onílé.” Bàbá Ràímì sunkún títí wọ́n fi pe ìrun alásàárì, a kò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, ilé ti rọ̀. Mo ti kó ẹní mi padà wálé, mo sì ń sùn títí oòrùn fi ń là sí mi lójú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rù ń bi mí bóyá olè ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ìyá mi ti ṣí gbogbo fèrèsé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n ní ilé yìí kò tíì mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì, omijé sì bọ́ lójú mi níwájú ìjọ.

Tèmi àti tìrẹ ló wá kù. Ọdún mẹ́fà la ti fẹ́ra, èmi náà kò kí ọ rí. Nígbà tí mo ń múra ìdánwò akọ̀wé, ìwọ lo ń dín dòdò létí títì Ìkirè kí a lè jẹun, epo gbígbóná ta sí ọ lọ́wọ́, o ní kò dùn ọ́ kí n máa kàwé lọ. Ìlú mẹ́rin ni wọ́n ti gbé mi lọ, ìwọ lo di ẹrù, ìwọ lo tú u. Nígbà tí mo sì bà ọ́ lórúkọ jẹ́ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ, o kò sọ àléébù tèmi fún un, o sì lè sọ ọ́. O kú iṣẹ́, Fẹ́yìsetán. O kú ìfaradà. O kú ọmọ títọ́. Ìwọ kọ́ ni ojo, èmi ni ojo. Bí bàbá bá gbà mí láàyè, n ó wá sọ ọ́ níṣojú wọn àti níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ, bí mo ṣe kọ ọ́ síbí.

N kò pàṣẹ fún ọ pé kí o padà. Bí ilé náà bá ṣì ń bà ọ́ lẹ́rù, n ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, n ó wá yàrá kan fún wa, ìbáà jẹ́ nínú ilé eléwé. Ìwọ ni mo fẹ́, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kọ gbólóhùn kan péré sí mi, èyíkéyìí tó bá wù ọ́.

Kí Olúwa fi ìlera bo ìwọ àti ọmọ. Kí ó jẹ́ kí a dàgbà papọ̀, kí ehín tán lẹ́nu wa, kí a sì tún máa bára wa tàkúrọ̀sọ. Ìyá mi ń kí ìyàwó wọn, wọ́n sì ń kí Susannah.

Èmi ni ọkọ rẹ tó jẹ̀bi, tó sì ń retí rẹ,
Obadiah Oyèwùmí.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí tán nígbà tí mọ́tò Gàrúbà, awakọ̀ tó ń ná Ìkirè sí Àpòmù, dúró níwájú ilé, mo tún tú u láti kọ èyí. Ó já àpótí aṣọ rẹ àti ẹní ọmọ sílẹ̀. Ó ní o rán òun ní iṣẹ́ yìí láàárọ̀: “Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Susannah pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹni yẹn ò bá tíì lọ, kí wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún un, ká jọ máa gbé. Mi ò ní fi wọ́n nìkan sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi Gàrúbà bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ fún ọ pé ilé ti rọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ó ní ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n bí o ṣe ń gbé àpótí fún òun. Nítorí náà, n kò ní fi lẹ́tà yìí rán ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́la, bí ìsìn bá ti parí, n ó gun kẹ̀kẹ́ mú un wá sí Ìkirè fúnra mi, kí o má bàa fi ẹ̀rù wọ mọ́tò.